Omi Inú Abọ́

Ẹ̀ẹ̀rùn ń kú lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì,
ojú ọ̀run dúdú bí aró lókè àpáta Ṣàbẹ́.
Mo ní òjò àkọ́rọ̀ ni, mo gbé garawa síta.
Ohun tó wá kò mọ garawa.
Ó kọ́kọ́ kan páànù lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà,
lẹ́yìn náà ó tú gbogbo àpò rẹ̀ lé wa lórí:
yìnyín tó tó ẹyin awó,
yìnyín tó funfun bí eyín ọmọ tí kò tí ì jẹ obì.
Èmi àti ọmọ-ọmọ mi há sábẹ́ tábìlì,
a ń ka ihò bó ṣe ń lu:
ọ̀kan lókè ibùsùn, méjì lókè àpótí aṣọ.
Nígbà tó di mẹ́tàdínlógún, Ọláìtán ní,
“Ìyá àgbà, mo ti ń rí ojú ọ̀run.”

Páànù Bíáù nìyẹn.
Bíáù tó ní òun kì í ṣe oníwèé, ọwọ́ òun ni ìwé òun,
tó gba gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà láìkọ ọ́ síbì kankan,
tó kan ìṣó kan níbi tó yẹ kó kan mẹ́ta,
tó fi páànù tí èékánná lè tẹ̀
bo orí opó.
Mo pè é, kò gbé e.
Wọ́n ní ó wà ní Pàràkú, ó ń bo ilé ẹlòmíràn.
Ọlọ́run ṣàánú ẹlòmíràn.

Mo ṣa yìnyín mẹ́fà sínú abọ́, mo dé e,
mo gbé e rù, ó di mẹ́rì,
torí wọ́n ti sọ fún mi pé akọ̀wé ibẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rí.
Ẹni mẹ́sàn-án ló wà níwájú mi lórí bẹ́ǹṣì.
Ọ̀kan ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, méjì ń jà sí ààlà oko kaṣú.
Nígbà tó kàn mí, mo ṣí abọ́.
Akọ̀wé wo inú rẹ̀, ó wò mí.
“Ìyá, òùngbẹ kò gbẹ mí.”

A rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?
Ẹ̀rín tán, ó ní: ìwé ilẹ̀ dà?
Mo ní: orúkọ olóògbé ló wà lórí rẹ̀.
Ó ní: ta ló fẹ́ gun òrùlé yín? Níbo ló ń gbé?
Ta ni a ó mú bí ó bá tún jò?
Inú bí mi. Mo ní: akọ̀wé,
yìnyín kò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kó tó wọlé mi.
Ó ní: òótọ́ ni, ìyá.
Bíáù náà kò gbà á.

Mo gbé abọ́ délé, mo da omi náà sídìí ata.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀.
Wórú ló wá, ọmọ Kábúà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó ní kí n fi ìwé àṣẹ han òun kí òun tó fàkàbà ti ògiri.
Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó kọ ọ́:
iye ìṣó, igi tí ikán kò ní fẹnu kàn,
páànù tó nípọn, tí mo tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ tí èékánná mi fi ṣẹ́.
Ó gba díẹ̀, igi dúró, ó gba díẹ̀ sí i.
“Èyí tó kù, ó di ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí ẹ kò sá.”
Ọláìtán kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó tẹ̀ka.

Ní àná, lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó tún dé.
Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa.
A jókòó. Mo ń wo àjà, mo ń retí ìràwọ̀ kan.
Kò sí.
Nígbà tilẹ̀ mọ́, páànù ní àpá díẹ̀díẹ̀,
bí ojú ẹni tí ìgbóná mú tó sì yè.
Ọláìtán mú yìnyín kan tó kù lẹ́sẹ̀ ògiri,
ó dì í mú. “Ìyá àgbà, ó ń lọ o.”
Mo ní jẹ́ kó máa lọ.
Mo so owó Wórú mọ́ etí ìró, mo jáde.